Bàbá Orí Fóònù

Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ojú máa ń tì mí, àmọ́ ìgbà tí mo dé Èkó ni mo tó mọ̀ pé àìsàn ni. Nílé, ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, ọmọlúàbí ni wọ́n ń pe ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn àgbà á fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí lọ́gbọ́n, ẹ ò rí i bó ṣe dákẹ́." Ní ọjà èso Ìkòsì, ní Kétu ti Èkó, tó o bá dákẹ́ níwájú ìsọ̀ ẹni, wọ́n á ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ ẹ.

Ọjọ́ kìíní tí mo dé, obìnrin ọlọ́sàn kan bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Kétu. Ó ní, "Kétu náà la wà yìí. Mo ní níbo lo ti wá?" Mo tún ní Kétu. Ló bá pe aládùúgbò rẹ̀ pé kó wá wo ẹni tó sọnù sínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá yé wọn, pé ọ̀dọ̀ Kútọnu lọ́hùn-ún ni mo ti wá, wọ́n sọ mí ní Àgànyìn, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ mìíràn mọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni èdè. Mo ti fọkàn balẹ̀ pé ìlú tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ni mò ń lọ. Mo dé ọ̀hún, Yorùbá ni wọ́n ń sọ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe pàtàkì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi sí i. Wọn kì í ka ogójì, "fọ́tì" ni wọ́n ń wí. Wọn kì í ní kí o yára, wọ́n á ní kí o "ṣe ṣáápù." Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, torí náà ìdajì gbogbo gbólóhùn ló ń kọjá lórí mi.

Ọ̀gá tí mo wá bá ṣiṣẹ́, ọmọ Ṣakí ni, gbogbo ọjà sì ń pè é ní Ọ̀gá Ṣakí. Òun àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti jọ ń kó ọsàn kọjá ààlà kí wọ́n tó bí mi. Ọkùnrin náà kúrú, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín, àmọ́ tó bá dúró sídìí èso, ẹ ò ní rántí ohùn. Ojú ló fi ń tajà. Á wo oníbàárà láti òkèèrè, á ti mọ̀ bóyá ẹni náà ti jẹun àbí kò tíì jẹun, bóyá ilé ọkọ tù ú lára àbí kò tù ú. Á gé ọ̀pẹ òyìnbó sí wẹ́wẹ́, á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀, á ní, "Mummy, ẹ má rà á o. Ẹ ṣáà tọ́ ọ wò, nítorí Ọlọ́run." Ẹni tó bá tọ́ ọ wò ti rà á nìyẹn. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló máa ń sọ fún mi, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kéú.

Èmi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Oníbàárà á bi mí pé èló ni, màá sọ iye tí Ọ̀gá ní kí n sọ. Á ní, "Ha, ọmọ mi, ó ti wọ́n jù, jẹ́ kí n san ìdajì." Màá ní, "Ó dáa, mà." Kí ni kí n wí? Àgbà ti sọ̀rọ̀. Nílé wa, tí àgbà bá ní ilẹ̀ ti ṣú lọ́sàn-án gangan, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì lọ wá àtùpà. Lọ́jọ́ kan mo ta odindi apẹ̀rẹ̀ ìbẹ́pẹ kan báyẹn, mo tún fi bàrà méjì ṣe ènì, torí pé obìnrin náà pè mí ní ọmọ dáadáa. Ọ̀gá Ṣakí ká ọwọ́ lérí.

"Àgànyìn, o ò tajà o. Ìtọrẹ àánú lò ń ṣe. Àbí ṣọ́ọ̀ṣì lo fẹ́ dá sílẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Wò mí lójú tó o bá ń bẹ̀ mí!"

Mi ò lè wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó wá sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ pé tí ìgbà ọ̀pẹ òyìnbó bá parí tí mi ò tíì lè la ẹnu tajà, òun á fi mí sínú ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀, kí n máa lọ sílé. Ó ní òun ò bínú sí mi, iṣẹ́ yìí ni kò bá mi mu. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, pé kò bínú.

Torí mi ò níbi tí mo fẹ́ padà sí. Mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ nílé, mo sì fi í sílẹ̀ torí mi ò lè sọ fún oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ kò tíì parí. Tí mo bá ti rí wọn lókèèrè, abẹ́ tábìlì ni mo máa ń wọ̀. Mo kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ọ̀gá mi ní kí n kiri àga lọ, mo gbé àga lọ, mo tún gbé e bọ̀, mi ò bá ẹyọ ẹnì kan sọ̀rọ̀. Èkó ni ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé, bàbá mi ní tí mo bá tún ti Èkó padà, kí wọ́n kọ́ ògiri kan fún mi, kí n máa bá a gbé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò dùn rárá.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ sábẹ́ agboòrùn ọmọbìnrin kan tó ń fi fóònù ṣòwò lójú ọ̀nà Ìkòsì, màá pe ilé ìpè kan ní Kétu tiwa, wọ́n á ránṣẹ́ sí ìyá mi. Màá kí i, màá ní ṣé ara le. Kò ní dáhùn. Màá tún bi í, ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Kẹ́kẹ́. Káàdì ń lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹni tó ni fóònù lọ́hùn-ún tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má dààmú o. Wọ́n ń mi orí. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ wí ni wọ́n ń mi orí sí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, mo sì mọ̀ pé ẹkún ti wọ inú ẹ̀rín náà. Mo wá mọ ibi tí àìsàn mi ti wá.

Nígbà tí fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, Ọ̀gá Ṣakí ra ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ìran. Tí fóònù bá dún, á kọ́kọ́ dé fìlà. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹni náà, á kí ìyàwó, á kí ọmọ, á bi í léèrè ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá léṣìí, kí ọ̀rọ̀ ọjà sì tó dé, káàdì ẹni tó pè ti tán. Tí káàdì bá jàjà kù, á gbé ọ̀pẹ òyìnbó sókè níwájú fóònù, á máa pariwo pé, "Ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe pọ́n! Ẹ ò rí i ni?" Mo fi ojú mi rí i tó gé èso, tó na ọ̀bẹ sí fóònù. Kò gbà pé ẹni tí òun kò rí wà láyé. Ó ní irọ́ ni gbogbo ẹni tó ń pe èèyàn láìfi ojú hàn ń pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ọsàn já ẹrù, oníbàárà kún ìsọ̀, Ọ̀gá Ṣakí sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún bọ́ ẹnì kan, ó ń fi ọwọ́ òsì di ẹlòmíràn mú kó má baà lọ. Fóònù dún. Ó jù ú sí mi. "Àgànyìn, sọ fún ẹni yẹn pé mò ń bọ̀!"

Mo gbé e sétí, mo wọ ẹ̀yìn àwọn àpótí ọsàn lọ. Kò sí ojú kankan níwájú mi, àpótí nìkan ni. Mo ní láti sọ fún yín pé ohùn bàbá bàbá mi ni Ọlọ́run fi jíǹkí mi. Ó nípọn, ó wúwo. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo máa ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ohùn náà jáde.

"Hello? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta fruits nìyẹn?" Ohùn obìnrin ni.

"Ibẹ̀ ni o. Ẹ káàárọ̀. Ẹ kú ìdájí. Ṣé àlàáfíà la jí?"

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, sà, mi ò mọ̀ pé Bàbá ló gbé e. Please, sà, mo fẹ́ pineapple forty."

"Ogójì ọ̀pẹ òyìnbó. Kò burú. Ọsàn ńkọ́? Ẹ fi àádọ́ta sí i."

Ní Èkó, ẹni tí kò bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó tún ń ka ogójì àti àádọ́ta, arúgbó ni. Obìnrin náà kò rí i rò ní ọ̀nà mìíràn. Ó ṣàlàyé fún mi pé Ogudu ni òun ń gbé, òun ti fẹ̀yìn tì ní báńkì, èso àti omi èso ni òun ń ṣe fún àwọn ọ́fíìsì báyìí. Ó ní òun ti wá sọ́jà wa lẹ́ẹ̀kan rí, òun ò sì fẹ́ padà wá mọ́, torí ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín fẹ́ fi ọ̀bẹ bọ́ òun lóúnjẹ níta gbangba. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Nígbà tó fẹ́ kí n dín iye rẹ̀ kù, mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Rárá o. Èso yìí dára, iye rẹ̀ nìyẹn." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀. Mi ò sọ "rárá" fún àgbà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Obìnrin náà sì ní, "Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí Bàbá sí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Ẹ bi mí, kí ló dé tí mi ò sọ ọ́? Mo ti ronú sí i títí. Ọ̀wọ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un débi pé mi ò lè sọ fún un pé ó ṣi ọ̀wọ̀ rẹ̀ lò. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá náà ló ṣì ń pè mí. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

A ń pè é ní Mummy Ogudu. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Mende, àwọn náà ń pe Bàbá, ọlọ́kọ̀ kan sì ń bá wa gbé ẹrù lọ fún wọn. Ọ̀gá Ṣakí wá gbé fóònù náà fún mi pátápátá, ó sì fún mi ní àpótí kan láti jókòó sí lẹ́yìn ẹrù. Kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ mọ́, àmọ́ kò fara mọ́ ọn. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," á ní. "Bàbá orí fóònù, ọjọ́ tí obìnrin yẹn bá fojú kàn ẹ́, ọjọ́ náà lo máa kó ẹrù ẹ. Òun nìkan ti tó ìdajì ọjà mi báyìí. Tí mo bá pàdánù ẹ̀, àwa méjèèjì la jọ máa lọ sí Kútọnu."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Àmọ́ mi ò ní parọ́, ó dùn mọ́ mi. Tí mo bá jáde síwájú ìsọ̀, Àgànyìn ni mí, wọ́n á ní kí n yàgò lọ́nà. Tí mo bá padà sẹ́yìn àpótí, wọ́n á máa bẹ Bàbá pé kó má bínú. Lórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Wọ́n á kàn gbọ́ mi, wọ́n á sì gbà pé mo ti wà ńbẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ kan àpótí ọsàn já lé mi lórúnkún bí mo ṣe ń bá Mummy Ogudu sọ̀rọ̀, mo ké. Láti ọjọ́ náà, kò pè rí kó má bi mí pé, "Bàbá, orúnkún ńkọ́?" Èmi náà á ní, "À ń dúpẹ́." Ìdáhùn wo ló tún kù?

Ó dé ọjọ́ kan, ó pè, kò bèèrè èso. Ọmọbìnrin rẹ̀, Bísí, fẹ́ lọ́kọ, àmọ́ òun àti ìyá ọkọ kò lè jọ jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pàdé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìjà ti fẹ́ dé. Ó ní obìnrin náà máa ń wo òun láti orí dé bàtà. Ó ní òun náà, òun kò mọ ìgbà tí òun máa ń yínmú. "Bàbá, ẹ gbà mí. Ọmọ yìí ń sunkún lójoojúmọ́. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń bi. Èmi tí mi ò lè bá ọmọbìnrin ẹlẹ́pà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀, àmọ́ ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ má lọ bá a mọ́. Ẹ pè é. Ọ̀rọ̀ tí ojú ń bà jẹ́, ẹ jẹ́ kí etí tún un ṣe."

Ó pè é. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí káàdì fi tán, ìyá ọkọ sì tún pè padà. Láàárín oṣù kan, àwọn méjèèjì ti ń pe ara wọn lójoojúmọ́, wọ́n jọ ń bú àwọn ọkọ wọn. Mummy Ogudu ní kí n gbàdúrà sí i. Mo gbà á, lẹ́yìn àpótí, ọsàn yí mi ká. Mo gbọ́ àmín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ó jìnnà sí fóònù. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

Àdúrà yẹn ló kó bá mi. Ó pè lọ́jọ́ Ajé pé ìdílé méjèèjì máa pàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní pálọ̀ òun, kí wọ́n lè mọ ara wọn, gbogbo wọn sì ti fẹnu kò pé Bàbá ló máa gbàdúrà. Mo ní orúnkún kò jẹ́. Ó ní òun á fi mọ́tò gbé mi. Mo ní mò ń rìnrìn àjò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Èmi fúnra mi ni màá wá bẹ̀ yín. A kì í pe àgbà sóde lórí fóònù."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá Ṣakí, ó jókòó. Ó ní kí n jẹ́ kó dé, òun á mọ bí òun á ṣe ṣe é, ojú òun kò tíì kùnà rí. Ọjọ́bọ̀ ló dé, láàárọ̀, ìgbà tí gbogbo ọjà kọ́kọ́ máa ń gbálẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìsọ̀. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi, mò ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà, ẹrẹ̀ sì ti dé orúnkún mi méjèèjì. Mo rí obìnrin kan tó ga, tó wọ gíláàsì, tó gbé aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Ọwọ́ kan mú ọ̀pá ìtilẹ̀ tuntun. Ọwọ́ kejì mú báàgì tí orí ìgò òróró ìpara yọ nínú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí Bàbá?"

Ó bi mí. Èmi gangan. Mo wo ilẹ̀. Ọ̀gá Ṣakí fò jáde, ó ti dé fìlà. "Ẹ káàbọ̀, Mummy! Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ha, Bàbá ń sinmi lẹ́yìn ẹrù níbẹ̀ yẹn. Oorun àgbà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kó ẹrù wọn fún mi, mà, mo máa jẹ́ iṣẹ́."

"Ẹ má jí wọn o," obìnrin náà ní, ohùn rẹ̀ ti di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ibí ni màá ti kí wọn."

Ló bá fi ọ̀pá náà ti ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, nínú ẹrẹ̀, níwájú àpótí ọsàn. Ẹni tó ti tó ọgọ́ta ọdún. Mo rí i tí orúnkún tirẹ̀ ń gbọ̀n, mo rí i tó dijú bí ẹni tó wà níwájú bàbá tó bí i. Ọ̀gá Ṣakí di fìlà rẹ̀ mú. Ojú tì mí ju bó ṣe tì mí rí lọ, àmọ́ ìtìjú tuntun ni, kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀ máa ń pa mí lẹ́nu mọ́. Eléyìí la ẹnu mi.

"Mummy, ẹ má kúnlẹ̀!"

Ohùn bàbá bàbá mi ni, odindi. Gbogbo ẹni tó ń gbálẹ̀ dúró. Mummy Ogudu la ojú. Ó wo àpótí. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀, ó wo ṣọ́bìrì, ó wo ẹrẹ̀, ó wá wò mí.

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú gọ́tà tí mò ń kó. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnu ti padà di. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mi ò lè tún un sọ. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá, kó, kó, kó, ó ń lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti wọ mọ́tò rẹ̀ létí títì, ó ti tilẹ̀kùn.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," Ọ̀gá Ṣakí ní, kò sì parí òwe náà. Ó wọlé, ó gbé àpò mi jáde, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí náà, kò bínú. Mò ń ronú ohun tí màá sọ fún ìyá mi, ìyẹn tí mo bá lè sọ nǹkan kan.

Fóònù dún nínú àpò ṣòkòtò mi.

Mo nu ẹrẹ̀ ọwọ́ mi, mo gbé e. Mọ́tò náà ṣì wà létí títì, mo sì ń rí orí Mummy Ogudu nínú rẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀. Kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè ju ọsàn dé lọ. Kò wò mí. Èmi náà yíjú sí àpótí.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" ó ní. "Ni ẹ́" ló sọ, kò sọ pé "ni yín."

"Mẹ́tàlélógún, mà."

"Jésù! Àbígbẹ̀yìn mi jù ẹ́ lọ! Ṣé o mọ iye ìgbà tí mo ti kúnlẹ̀ fún ẹ nínú yàrá mi? Tí ọkọ mi ń wò mí?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò rí yín."

"Èmi náà ò rí ẹ," ó ní.

"Mo fẹ́ sọ fún yín láti ọjọ́ kìíní, mà. Ẹ pè mí ní Bàbá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbà pé ó ṣì í. Tí ẹ bá fẹ́, mo máa lọ sílé wa lónìí. Ẹ má fi tèmi kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá mi. Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà, èmi ni." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń jáde, geere, torí pé àpótí ni mò ń wò.

"Àti àdúrà tí o gbà fún Bísí? Ṣé eré lo fi ṣe?"

"Rárá, mà. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Tọkàntọkàn ni mo fi gbà á. Mo tún ń gbà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa fóònù."

Mo wá gbọ́ nǹkan kan létí mi, mo rò pé ẹkún ni, mo yíjú wo mọ́tò, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó ń rẹ́rìn-ín débi tó ti bọ́ gíláàsì.

"Mo kúnlẹ̀ fún ọsàn!" ó ní. "Ọlọ́run mi, mo kúnlẹ̀ fún ọsàn!" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà sí ti ọ̀gá báńkì. "Gbọ́ mi dáadáa. Mo ti sọ fún àwọn àna mi pé Bàbá máa gbàdúrà. Mi ò lè padà lọ sọ fún wọn pé ọmọkùnrin kan nínú gọ́tà ló parí ìjà wa. Ìyá ọkọ Bísí máa fi mí ṣẹ̀sín kú. Saturday, ten o'clock, ìwọ lo máa gbé èso wá. Wẹ̀ dáadáa. Tó o bá sì dé, kíṣìnì ni wàá dúró sí, kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Pineapple, fifty. Bye."

Mọ́tò náà lọ. Ọ̀gá Ṣakí, tó ti ń fi etí gbọ́ gbogbo rẹ̀, gbé àpò mi padà wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ó ní òun fẹ́ kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan yẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo dúró sí kíṣìnì ní Ogudu, èmi àti àádọ́ta ọ̀pẹ òyìnbó, fóònù Ọ̀gá Ṣakí sì wà lọ́wọ́ mi. Nínú pálọ̀, Mummy Ogudu tẹ aṣọ funfun sórí tábìlì àárín, ó gbé fóònù tirẹ̀ lé e, ó ṣe é kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ní orúnkún Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n lè wá. Gbogbo wọn ní, "Ẹ̀yà, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn." Aṣọ kan ló dábùú ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, mo sì ń rí wọn láti etí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Bísí àti ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. Ìyá ọkọ Bísí kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó sì ń wo fóònù náà bí ẹni pé ó ní ojú.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo rọra sọ ọ́ sínú fóònù, ohùn náà sì jáde ní pálọ̀ bí àrá. Mo ní ilé wọn á tòrò. Mo ní wọn ò ní fi ojú sunkún ara wọn. Mo ní ohun tí wọn kò bá lè sọ fún ara wọn lójú, Ọlọ́run á fún wọn ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n á fi sọ ọ́. "Àmín!" Ojú gbogbo wọn ni mò ń wò, mo sì ń sọ̀rọ̀. Mi ò tiẹ̀ tètè mọ̀ pé mò ń ṣe é.

Mummy Ogudu nìkan ló ṣì wà lórí ìdúró. Òun nìkan ló mọ ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó di tábìlì mú, ó kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu mi. Gbogbo ilé ń dúró. Bàbá ọkọ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọkàn àgbà máa ń rọ̀, kí wọ́n fún Bàbá láyè. Nígbà tí mo rí ohùn mi, mo ní, "Àti ìyá ìyàwó, tó kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò tó ẹni à ń kúnlẹ̀ fún, kò ní kúnlẹ̀ fún ọ̀tá láéláé." Àmín rẹ̀ ló kẹ́yìn, òun náà ló sì lágbára jù.

Ó pa fóònù, ó ní kí wọ́n gbé èso wá. Mo gbé àwo wọlé, mo sì dákẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kí n ṣe. Ìyá ọkọ Bísí mú ọ̀pẹ òyìnbó kan, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọmọ dáadáa. Ọ̀dọ̀ Bàbá lo ti ń ṣiṣẹ́? Báwo ni wọ́n ṣe rí? Ṣé wọ́n ti dàgbà gan-an?"

Mummy Ogudu gba àwo lọ́wọ́ mi kí n tó lè la ẹnu.

"Rárá o," ó ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni."